Kì Í Ṣe Gbogbo Amúyọ̀ Ni Epo

Bí atúmọ̀ èdè bá fẹ́ dárúkọ ohun tí wọ́n ń fi sí ìdí àgbá kí ó lè yí geere, "epo" ni ó sábà máa ń kọ sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí epo àti gírísì ni àwọn mẹkáníìkì ń lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́nà. Eré àwọn ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn.

Ní 1953, ní Manhattan Beach ní ìpínlẹ̀ California, Don Murphy dá eré ìje ọkọ̀ onígi kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Cub Scouts. Pinewood Derby ni orúkọ rẹ̀. Ègé igi páìnì kan, àgbá oníke mẹ́rin àti ìṣó mẹ́rin ni ohun èlò rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Òòfà ilẹ̀ ni ó ń fà á sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀nà tí ó dà gẹ̀rẹ́. Òfin tí ó wọ́pọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ wúwo ju áńsì 5 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 142. Nígbà tí ìwọ̀n àwọn ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìtọ́jú ìdí àgbá a máa ní ipa ńlá lórí ẹni tí yóò borí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ fi fáìlì ha irin tí ó yọ lábẹ́ orí ìṣó kúrò. Lẹ́yìn náà, wọn a fi sáńpépà tí ó kúnná dán ìṣó náà. Níkẹyìn, wọn a bu ìyẹ̀fun graphite, ohun dúdú inú pẹ́ńsù, sí ihò àgbá, wọn a sì máa yí àgbá náà kí ìyẹ̀fun lè tàn kálẹ̀. Ìpele ìpele ni graphite wà. Ìpele kan a máa yọ̀ lórí èkejì, èyí tí ó ń dín bí àgbá àti ìṣó ṣe ń ha ara wọn kù. Ọ̀pọ̀ òfin ìdíje sì ka epo léèwọ̀, nítorí ó ń kó eruku jọ, ó sì ń dọ̀tí ọ̀nà ìsáré.

Nítorí náà, ìwé tí ó bá kọ "fi epo sí ìdí àgbá" ti pa àṣẹ òdìkejì fún ọmọ. Àléébù náà ni pé ohun tí nǹkan jẹ́ ni wọ́n fi sọ orúkọ, dípò iṣẹ́ tí ó ń ṣe. "Amúyọ̀" ni ó yẹ: ohun tí ń mú nǹkan yọ̀. Epo, gírísì àti graphite yóò wá di oríṣi amúyọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé "yọ̀" ń tọ́ka sí ìdùnnú pẹ̀lú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé "ilẹ̀ ń yọ̀" tí ó rò pé inú ilẹ̀ ń dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí olùkọ́ má ṣe da "ha" pọ̀ mọ́ "dán": èkínní ń mú ohun tí ó yọ síta kúrò, èkejì ń mú ojú nǹkan jọ̀lọ̀.

Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jìyà àṣìpè. Orúkọ a máa ro ọmọ. Ọ̀rọ̀-ìperí a sì máa ro ẹni tí ó bá fi í kẹ́kọ̀ọ́.