Kí Òbí Tó Yọ Pàṣán

Ìyá já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní SS2, ó bá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọmọ náà kọ sí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá ti yọ pàṣán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé ọmọ lọ sórí òkè àdúrà, tàbí kí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí, ní Abẹ́òkúta àti níbòmíràn. Lójú tiwa, ọ̀nà yìí kò dára, kò sì ṣiṣẹ́.

Ní 1996, àwọn olùwádìí McClintock àti Herdt kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń mọ ẹni tí ọkàn wọn ń fà sí, ìbáà jẹ́ akọ sí abo, akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Olùwádìí mìíràn, Margaret Rosario, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀dọ́ 156 ní New York. Ní 2006 wọ́n ròyìn pé ọ̀pọ̀ dúró lórí ohun tí wọ́n pe ara wọn ní ti ẹni tí ọkàn wọn ń fà sí, àwọn mìíràn sì yí i padà. Ohun tí òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lónìí ti lè pẹ́ níkùn ọmọ, ó sì lè má tíì yé ọmọ náà tán. Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí wò: wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé a lè fi ìtọ́jú yí ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí padà, wọ́n sì kìlọ̀ pé ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Òfin ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lu ọmọ ní àlùbolẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ń dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ. Láti 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí wọn jọ máa gbé ní àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn Arò, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ gba ìtọ́jú. Bí aláìsàn bá lè wà láàárín ẹbí rẹ̀, kí ló dé tí a ó fi lé ọmọ tí à ń sọ yìí, tí kò ṣàìsàn? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ìfẹ́ akọ sí akọ àti abo sí abo kúrò nínú ìwé àìsàn láti 1990. Ṣùgbọ́n bí ilé bá kọ̀ ọ́, ìbànújẹ́ lè dá a dùbúlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ọmọ yín tán kí ẹ tó fèsì, bí ohun tó sọ kò tilẹ̀ bá yín lára mu. Ẹ̀yin olùkọ́ agbani-nímọ̀ràn, ẹ má sọ àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀rọ̀ àsẹ́ḿbìlì. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì dá àwọn olùkọ́ náà lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tí ẹ bá sì lé jáde lóru, ẹkùn pọ̀ ní gáréèjì tó máa sùn sí.