Bóòtì Tí Ẹ Yà Lórí Kọ̀ǹpútà, Ẹ Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ mú nọ́ọ̀tì kan lára táyà Toyota, kí ẹ mú òmíràn lára táyà Nissan, kí ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ kò bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ìyá kan náà ló bí wọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣe, irin tí à ń de nọ́ọ̀tì wọ̀nyí mọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 12. Ṣùgbọ́n eyín wọn kò bára mu. Ti Toyota, mìlímítà 1.5 ló wà láàárín eyín kan àti èkejì. Ti Nissan, mìlímítà 1.25 ni. Ìdá mẹ́rin mìlímítà kan péré! Kí ni ìyẹn já mọ́? Ó já mọ́ ẹ̀mí ènìyàn. Nọ́ọ̀tì tí kì í ṣe ti ibẹ̀ lè gbà ní ìyípo kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà yóò le, ọmọ iṣẹ́ fọ́kánáísà tí ara ń kán yóò sì fi sípánà gígùn bá a jà. Yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ti jẹ eyín irin náà run. Bí táyà bá wá yọ lójijì ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn kan yóò ní aráyé ló ṣe é.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ táyà gan-an kọ́ ni mo gbé dé lónìí, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Bóòtì ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ti Toyota tí a wí yìí ń jẹ́ M12 × 1.5. Lẹ́tà M sọ pé ìwọ̀n mìlímítà la fi ṣe é, 12 ni fífẹ̀ rẹ̀ láti orí eyín dé orí eyín, 1.5 ni ìwọ̀n láti eyín kan dé èkejì. Ibi tí wàhálà wà nìyí: nínú òfin ìwọ̀n àgbáyé, ẹni tó bá kọ M12 lásán, tí kò fi nọ́ńbà mìíràn tì í, 1.75 ló ń béèrè. Kì í ṣe ti Toyota, kì í ṣe ti Nissan. Ọ̀gá tó ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin, tó sì mọ òfin, 1.75 náà ni yóò gé fún un, kò sì jẹ̀bi.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun èlò ẹ̀rọ, yálà AutoCAD ni wọ́n ń lò, tàbí SolidWorks, tàbí FreeCAD tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, ohun tí mo rí pé ó máa ń wù wọ́n ni kí wọ́n gbẹ́ gbogbo eyín bóòtì náà yọ, kí ó máa dán bíi pé kí èèyàn nawọ́ mú un. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún irú bóòtì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ kan, kọ̀ǹpútà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ. Ẹni tó sì dúró ti léètì kì í ka eyín inú àwòrán. Nọ́ńbà ló fi ń to ẹ̀rọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí fi ti fẹnu kò, kí kọ̀ǹpútà tó dé, pé ìlà tó nípọn ni kí a fà fún orí eyín, kí a fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀. Bí a bá dojú kọ bóòtì náà láti ìdí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kì í pé yíká, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló máa ń dé, bí òṣùpá tí kò tíì pé. Kí ẹ wá fa ọfà sí i, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó tán.

Ihò ló tún gba làákàyè díẹ̀ sí i. Kí a tó gé eyín sínú irin, a ó kọ́kọ́ lu ihò tó kéré sí bóòtì. Ẹ yọ ìwọ̀n àárín eyín kúrò nínú fífẹ̀ bóòtì: 12 dín 1.5, ó ku 10.5. Jíjìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà méjì lórí àwòrán, ibi tí eyín dé àti ibi tí ihò dé, nítorí ẹnu irin tí a fi ń gé eyín máa ń rí ṣóńṣó, kò lè gé eyín pípé kan ìsàlẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé. Eyín tí a fi àmì lásán ṣe wà nínú fáìlì ẹni tó yà á. Bí ó bá yí fáìlì náà sí STEP kí ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣí i, lọ́pọ̀ ìgbà àmì yẹn kì í bá a lọ. Ihò roboto tó fẹ̀ tó 10.5 nìkan ni yóò dé ọ̀hún. Wọn yóò lu ihò roboto, wọn yóò kó iṣẹ́ dé, ìjà yóò sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí yóò san owó irin. Ẹni tó ya àwòrán ni mo máa dá lẹ́bi, bí kò bá fi ìwé tó ní orúkọ eyín ráńṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà pé kí a gbẹ́ eyín yọ ní tòótọ́: ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike láti fi mọ nǹkan. Ohun tí a kò bá yà, kò ní mọ ọ́n. Níbẹ̀ pàápàá, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín bóòtì àti nọ́ọ̀tì, torí bí ìwọ̀n méjèèjì bá ṣe déédéé, wọn kò ní wọra.

Ẹni tó bá ń pe èyí ní ọ̀rọ̀ kékeré, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 1904. Iná sọ láàárín ìlú, àwọn panápaná sáré wá láti Washington, Philadelphia àti New York. Omi wà, èèyàn wà, ọ̀pá rọ́bà wà. Ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ ẹnu omi Baltimore, nítorí ìlú kálukú ló ń gé eyín tirẹ̀. Ilé tó lé ní 1,500 ló jóná. Bẹ́ẹ̀ ni Joseph Whitworth ti dá àbá eyín kan ṣoṣo fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1841, William Sellers náà sì dá ti Amẹ́ríkà ní 1864. Àwọn méjèèjì pàápàá kò ṣọ̀kan: bóòtì ìdajì íǹṣì, eyín 12 ni ti Whitworth nínú íǹṣì kan, 13 ni ti Amẹ́ríkà. Ọdún 1948 ni ìjọba Amẹ́ríkà, Kánádà àti ti Gẹ̀ẹ́sì tó fọwọ́ sí ìwọ̀n kan náà.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọn wẹ́dà mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ẹnu àgbá ásẹ́tílíìnì kì í yí bíi ti ọ́síjìn. Òsì la ń yí i sí kí ó tó dè, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan sípò èkejì. Irú eyín bẹ́ẹ̀, lẹ́tà LH la ń kọ tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀ lórí àwòrán. Ẹni tí kò bá ní àgbá gáàsì nítòsí, kí ó lọ wo ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé lára kẹ̀kẹ́ ológeere.