Ìwé Àṣẹ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà Ilé Ìwòsàn

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí nípa ìsọmọlórúkọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nípa ìtọ́jú aláìsàn. Dókítà lè wo egbò ẹsẹ̀ opó kan tí ó ní àtọ̀gbẹ títí egbò náà yóò fi jinná. Ṣùgbọ́n bí opó náà bá padà sí ilé tí kò ti ní owó oògùn, tí kò rí oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́, tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì ń lé e jáde, kò ní pẹ́ tí a ó fi tún gbé e padà wá. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yìí ni òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ilé ìwòsàn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Wẹ́fíà. Òun ni í wádìí bóyá lóòótọ́ ni aláìsàn kò lè san owó ìtọ́jú, tí í sì bá a bẹ àwọn aláṣẹ. Òun ni í wá ẹbí ẹni tí a gbé wá láti ojú títì. Òun náà ni í jókòó ti ẹni tí ayé ti sú, tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀.

Ìmọ̀ pé ilé aláìsàn ṣe pàtàkì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, nípa èyí tí àwọn alárùn ọpọlọ fi ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé ìtòsí, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ nípa ètò yìí.

Bí iṣẹ́ náà bá wúwo tó báyìí, ta ni ó yẹ kí a fi í lé lọ́wọ́? Awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé èrò láìní láísẹ́ǹsì. Orúkọ dókítà àti ti nọ́ọ̀sì wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ wọn, bí wọ́n bá sì hùwà àìtọ́, a lè yọ orúkọ wọn kúrò. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nàìjíríà, kò sí òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ṣe àkóso iṣẹ́ náà.

Àwọn kan ń sọ pé inú rere ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, pé ìwé àṣẹ kò lè fi inú rere sí ọkàn ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù yóò tú àṣírí rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ yìí. Ẹyin sì ni ohùn. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Bí àṣírí náà bá dé ọjà lọ́la, ta ni obìnrin náà yóò fi ẹjọ́ sùn? Ìwé àṣẹ kì í ṣe oyè fún òṣìṣẹ́. Ààbò ni fún aláìsàn. Láti ọdún 2005 ni òfin ti de orúkọ iṣẹ́ yìí ní England, tí ẹni tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi pe ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún ń tẹ̀ lé òfin yìí. Kí ni ó dé tí a kò fi ní ṣe irú rẹ̀ fún àwọn aláìsàn tiwa?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ìwé orúkọ àwọn tí ó gba àṣẹ wà ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì kọ ibi tí a ó mú ẹ̀sùn lọ sí ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn. Èkejì, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, kí ó tó dá jókòó ti aláìsàn. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe lé àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é kí òfin tó dé. Ẹ fún wọn ní àyè láti kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò. Kí owó ìforúkọsílẹ̀ má sì di ìdènà fún wọn.

Òfin tí a kọ tí a kò lò kò yàtọ̀ sí oògùn tí ó wà nínú ìgò. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìgò náà.