Ẹ̀kọ́ Ọdún Kìíní Dókítà Ẹran: Ìpín Tiwa Dà?



Nígbàkúùgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran, inú wa a máa dùn. Ìlú tí ó ń jẹ ẹran, tí ó ń mu wàrà, tí ó sì ń sin ajá kò lè ṣe aláìní dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ ní gbangba. Nínú ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ́ ní ọdún kìíní, apá kan wà tí ó jẹ́ pé lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Apá yẹn kò sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, owó rẹ̀ kò sí nínú owó oṣù wa, bẹ́ẹ̀ ni ààbò rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ dókítà ẹran ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ sáyẹ́ǹsì gbogboogbò, ọdún kìíní tí wọ́n bá wọ inú iṣẹ́ náà gan-an, ara ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́: egungun, iṣan, ẹ̀jẹ̀, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn a fi ajá wé màlúù, wọn a fi màlúù wé ẹṣin. Wọn a kọ́ pé màlúù kò ní eyín iwájú lókè. Pé egungun ìhà 13 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ara màlúù, tí ti ẹṣin sì máa ń jẹ́ 18. Wọn a kọ́ pé yàrá 4 ni ikùn màlúù pín sí, pé ṣàkì tí à ń rà lọ́jà ni ó tóbi jù nínú wọn, apá òsì ni ó sì wà. Nítorí náà, bí inú màlúù bá wú, apá òsì ni a ó kọ́kọ́ wò. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń kọ́ wọn, a kò sì bá a du oyè.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó ya àwòrán sójú pátákó, ta ni ó lọ mú ẹran wá? Ta ni ó fa oògùn sí i lára kí ó má bàa jẹrà? Ta ni ó gbé e sórí tábìlì, tí ó tún fọ tábìlì náà nígbà tí kíláàsì tú? Ta ni ó se egungun, tí ó fọ̀ ọ́ mọ́, tí ó tò ó títí ó fi dúró bí ẹran alààyè? Òṣìṣẹ́ ni.

Nígbà tí ó bá wá kan ẹran alààyè, ìwé nìkan kò tó. Ìwé lè sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹṣin fi ń ta ènìyàn, pé màlúù a máa ta á gba ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dúró ti ọmọ tí kò sún mọ́ màlúù rí, tí yóò sọ fún un pé, "Má gba ẹ̀yìn bọ̀, jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn rẹ, má we okùn mọ́ ọwọ́ o, bí ó bá fà á, ìka rẹ ni yóò bá a lọ," òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú ẹran ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Àwọn kan a máa sọ pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí. Ní ọdún 1761 ni Claude Bourgelat dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn ni ọkùnrin náà. Àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ayé sì kéde ní ọdún 2011 pé àrùn yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe dókítà nìkan ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní àwọn ibi tí ọkọ̀ kò dé ní Ethiopia àti Gúúsù Sudan, àwọn dárandáran tí a kọ́ níṣẹ́ ni ó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá màlúù. Ìmọ̀ kò sí lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ti ewu, kò yan olówó, kò yan tálákà. Fọ́málíìnì tí a fi ń pa òkú ẹran mọ́ a máa ta ojú, a máa ta imú. Ní ọdún 2004, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka gáàsì inú rẹ̀ mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ sára ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa fa á símú fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, fún ọdún kan tàbí méjì. Òṣìṣẹ́ ń fa á símú títí tí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Síbẹ̀, ní ibi iṣẹ́ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó bi òṣìṣẹ́ pé ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ dà. Ẹ rántí àrùn dìgbòlugi tí ajá ń kó ran ènìyàn. Ẹ rántí anthrax tí ó yọjú ní Suleja ní ọdún 2023.

Òfin kò sì dákẹ́. Àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí, sọ pé owó ààbò ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ti àpò òṣìṣẹ́ jáde.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí a fún gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá òkú ẹran ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tí ó lè dí gáàsì, kì í ṣe ti aṣọ lásán, kí a sì fi fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde sí yàrá náà. Èkejì, kí a gún gbogbo ẹni tí ń fọwọ́ kan ẹran ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kí ajá tó gé e jẹ. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kọ́ dídi ẹran mú wọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọdún kìíní, kí orúkọ òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ni wà níbẹ̀, kí àjẹmọ́nú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Àwa náà ní ojúṣe. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìbọ̀wọ́ tí ó fi í pamọ́ sílé, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe.

A kò bá akẹ́kọ̀ọ́ jà. Ọmọ wa ni wọ́n, lọ́la wọn yóò di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ọdún kìíní mọ̀ pé ẹ̀mí òṣìṣẹ́ níye lórí, wọn kò ní gbàgbé nígbà tí wọ́n bá jókòó sórí àga. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa, ẹ má jẹ́ kí ó kú sí ẹnu. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.