Ọkọ̀ Lórúkọ, Ọmọ Kò Lórúkọ

Bí ọ̀rẹ́ mi kan bá ti Ìlú Ọba dé, mo ti máa ń mọ àwòrán tí yóò fi hàn mí kí ó tó yọ fóònù rẹ̀ jáde: aago gogoro Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu ọ̀nà ààfin, àti afárá orí odò Thames. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Manchester lọ́dún tó kọjá, àwọn ibi tí bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò afẹ́ kì í yà sí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ mi wá kiri. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ń gbèrò àtilọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé díẹ̀ nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò ní gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín.

Lancaster ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí kò tóbi ni, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ kò ní mọ̀ pé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Liverpool, Lọ́ńdọ̀nù àti Bristol nìkan ni èbúté tí ó jù ú lọ nínú òwò ẹrú ní ilẹ̀ náà. Ní etí odò Lune, ní St George's Quay, ọwọ̀n ìrántí kan wà níbẹ̀ láti 2005, iṣẹ́ ọwọ́ Kevin Dalton-Johnson. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ó ti ibẹ̀ lọ kó ẹrú sí i lára, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti iye ènìyàn tí ó kó. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ lórúkọ, ọ̀gá ọkọ̀ lórúkọ. Àwọn tí wọ́n kó ni ó di iye lásán.

Láti ibẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé Overton, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà Sunderland Point ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà la irà kọjá, òkun a sì máa bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ gbọdọ̀ yẹ àkókò tí omi ń kún wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Èmi yẹ̀ ẹ́ wò ní tèmi, àmọ́ ti ọjọ́ kejì ni mo wò. Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti gba ọ̀nà, òpó tí wọ́n fi sàmì ọ̀nà nìkan ni ó yọrí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí, òkun ti gbé títì lọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n jẹ mọ́ínmọ́ín tí àwọn dì fún mi, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó lé ní wákàtí méjì kí omi tó fà.

Níbi tí ilẹ̀ parí sí, ní ẹ̀yìn àwọn ilé, nínú pápá kan tí ó kọjú sí òkun, ni sàréè náà wà. Ní nǹkan bí 1736, ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ọ̀gá rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní ilé ọtí, ó lọ ṣe òwò ní Lancaster. Ọmọ náà kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Ó rò pé wọ́n ti pa òun tì, kò jẹun mọ́, ó sì kú. Àwọn mìíràn ní àìsàn ni. Kò ṣe ìrìbọmi, nítorí náà inú pápá ni wọ́n sin ín sí, kì í ṣe ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1796, ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, James Watson, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó sì kọ ewì sórí àwo idẹ fún sàréè náà.

“Sambo” ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èyí kì í ṣe orúkọ. Ohun tí àwọn Òyìnbó ayé ìgbà náà ń pe ọkùnrin dúdú tí wọ́n bá rí ni. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé Yorùbá ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ó ti wá, ẹnì kan sọ ọ́ lórúkọ, ẹnì kan sì pè é ní orúkọ náà kí ó tó wá jẹun. Àwọn ọmọdé a máa kun òkúta wẹ́wẹ́ ní ọ̀dà aláràbarà, wọn a sì kó o sórí sàréè náà. Mo ṣa òkúta kan ní etí òkun. N kò mọ ohun tí ǹ bá kọ sí i, mo fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá gba Bristol kọjá, ẹ yà sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Henbury. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ Earl of Suffolk sùn síbẹ̀ láti 1720. Òkúta sàréè tirẹ̀ dára, wọ́n kùn ún, wọ́n sì gbẹ́ áńgẹ́lì dúdú sí i. Scipio Africanus ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọ̀gágun Róòmù tí ó ṣẹ́gun àwọn ará Carthage ní Áfíríkà. Ẹ ò rí àwàdà burúkú! Ní oṣù kẹfà 2020, lẹ́yìn tí àwọn èrò wó ère Edward Colston oníṣòwò ẹrú lulẹ̀ nínú ìlú, ẹnì kan lọ fọ́ òkúta náà.

Ọ̀nà jìn sí Brighton. Lọ́ńdọ̀nù ni mo sùn kí n tó lọ. Etí òkun ni gbogbo ayé ń sáré lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas wà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Níbẹ̀ ni ọmọ wa kan ti ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862. Ọmọ Òkè-Odàn ni, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí. Ó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ogun Dàhòmì kó ìlú náà ní 1848. Ní 1850, Ọba Ghezo fa ọmọ náà lé Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Forbes ni ọ̀gá ọkọ̀. Bonetta ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkàn mi tún padà sí ọwọ̀n Lancaster.

Ọbabìnrin gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ní Èkó, jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró. Nínú ìwé ìgbéyàwó wọn, orúkọ kan ṣáájú Sarah, ó ṣáájú Forbes, ó ṣáájú Bonetta. Ina ni wọ́n kọ, gẹ́gẹ́ bí etí Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ. Àìná ni: ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Ẹni tí wọ́n mú ní ọmọ ọdún márùn-ún, tí kò rí òbí mọ́, ṣì ní orúkọ tí ó ti inú ìyá rẹ̀ mú wá lẹ́nu nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ogún ọdún.

Ó kú ní 1880 ní erékùṣù Madeira, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Mo jókòó díẹ̀ lábẹ́ igi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Obìnrin kan tí ó ń fa ajá rẹ̀ lọ béèrè bóyá mo ń wá sàréè ẹnì kan. Mo ní rárá, mo wá síbi ìgbéyàwó ni.