Ófúùnù gáàsì àbí ti iná? Ẹ wo àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó náwó

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì ṣí ìwé o, owó yín wà ńbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rí bí nǹkan ṣe rí nígboro. Owó oṣù ò tó ná mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ta míìtì páì ní ọ́fíìsì, tíṣà ń gba iṣẹ́ kéèkì ọjọ́ ìbí lópin ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá ti kó àjọ báyìí, tàbí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wọn lówó, ófúùnù ni wọ́n á kọ́kọ́ sá lọ rà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó á ní ti iná lòun fẹ́, ó mọ́ tónítóní, ó dẹ̀ rẹwà. Ọkọ á ní ti gáàsì ni, torí NEPA ò lè mú gáàsì lọ. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ìyẹn á ní èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun ló dáa jù láyé!

Ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó ófúùnù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lẹ ó máa ra iná tẹ́ ẹ máa fi lò ó. Iná yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn.

Ti iná mànàmáná dùn ún lò. Irin tó ń gbóná wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, kéèkì á pọ́n kárí. Tẹ́ ẹ bá yí i sí 180, ìtòsí ibẹ̀ náà ló máa dúró sí. Àmọ́ ó lè gba 2,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní "I better pass my neighbour" ò tó 1,000 wáàtì, kò lè gbé e. Bí wọ́n bá múná lọ nígbà tí kéèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, àárín ẹ̀ á jìn wọlé, ẹyin àti bọ́tà ti ṣòfò nìyẹn. Iná tí ò kún náà ń dani láàmú. Tí èyí tó yẹ kó jẹ́ 220 bá já wálẹ̀ sí 110, ooru tẹ́ ẹ máa rí ò tiẹ̀ ní tó ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Ẹ ò ní mọ̀, ẹ ó máa bú ìyẹ̀fun.

Owó ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti ń bọ̀. Ká kàn fi náírà 200 ṣírò. Ófúùnù 2,000 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìsinmi á jẹ yúníìtì 2, náírà 400 nìyẹn. Tó bá ti gbóná tán, á máa sinmi díẹ̀díẹ̀, owó yẹn á dín. Ẹni tó ń ríná lóòótọ́ lè fara dà á. Àmọ́ ẹni tó wà ní Band D, tó jẹ́ wákàtí 8 ni wọ́n ṣèlérí fún un, ṣé òru ni yóò máa dìde yan míìtì páì ni?

Ti gáàsì ò béèrè ẹni tó múná lọ. Oníbàárà tó fẹ́ ge kéèkì ní aago mẹ́rin ò fẹ́ gbọ́ ìtàn NEPA. Àléébù ẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni iná ẹ̀ sábà máa ń wà. Ìsàlẹ̀ kéèkì lè jóná kí orí ẹ̀ ṣì funfun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ò wọ́n ni ò ní nọ́ńbà ooru lára. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wo ooru inú ófúùnù, ẹ gbé páànù sáàárín, kẹ́ ẹ yí i po tí kéèkì bá ti dì. Ẹ tún gbé sílíńdà sórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Kílò tó bá dín, owó yín ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tajà láìṣírò iná mọ́ ọn, tí wọ́n á máa ní ayé ń ṣe àwọn.

Ẹni kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń kó jọ sí. Ìta ni kí sílíńdà wà, ní ìdúró, kẹ́ ẹ sì máa fi ìfófòó ọṣẹ wo rọ́bà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹni tó bá ra ti iná, kó pe oníwáyà wá wo ilé, kó má fi í sórí ẹ̀ńtẹ́ńṣọ̀n tí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ti wà lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹni tó fẹ́ fi í jẹun, tí iná àdúgbò ẹ̀ ò dá a lójú, kó ra ti gáàsì. Ẹni tó ń ríná, tó jẹ́ pé ìdílé ẹ̀ nìkan ló ń yan nǹkan fún, kékeré ti iná ti tó o. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣọ́ iná àdúgbò yín, kẹ́ ẹ kọ wákàtí tó fi wà sílẹ̀. Ìwọ̀n eku sì nìwọ̀n ìtẹ́: ẹ má fi gbogbo owó àjọ ra ófúùnù, kẹ́ ẹ wá máa yáwó ra ìyẹ̀fun. Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Kéèkì tó dé lásìkò ni oníbàárà ń sanwó fún.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.