Ìgbà tí ọjà bá kọ̀ tí kò tà

Bí ọjà bá kùtà lọ́jà Àlàbá nílùú Ọ̀jọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sọ ni pé iye tí àwọn rà á kò jẹ́ kí àwọn lè dín in. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n wo Nintendo, ilé iṣẹ́ Japan tó gbé géèmù alágbèéká 3DS jáde lọ́dún 2011.

Nǹkan bíi dọ́là 250 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ọjà kò yá, nítorí owó rẹ̀ ga, eré orí rẹ̀ kò sì pọ̀. Kò pé oṣù márùn-ún tí wọ́n fi sọ ọ́ di 170. Ọ̀gá wọn, Satoru Iwata, gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì. Wọ́n tún fi eré 20 ta àwọn tó ti kọ́kọ́ rà á lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 2020, èyí tí wọ́n ti tà lé ní mílíọ̀nù 75.

Lóòótọ́, àpò oníṣòwò Àlàbá kò jìn tó ti Nintendo. Síbẹ̀, bàbá àgbà tó ti Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò wá ra géèmù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Iye tó wà lápò rẹ̀ ló mọ̀. Ẹni tó bá tètè dín owó ọjà rẹ̀, tí kò sì gbàgbé oníbàárà àkọ́kọ́, ni wọ́n máa padà wá bá.